Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Dá Gbé

Ọmọ mi Bíńtín,

Bí ìwé yìí bá bá ọ níbi iṣẹ́, kó bá ọ pẹ̀lú ara líle. Bó bá sì bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹ oúnjẹ náà tán kó o tó kà á, torí ó gùn. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn ìdájí, mo kí ọ kú àtijọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá láìmọ ẹnì kankan níbẹ̀ kò ní jẹ́ kó o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bó o bá béèrè èmi, mo wà. Adìyẹ márùn-ún wà, òrùlé wà, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Má bínú pé pẹ́ńsù káfíńtà ni mo fi kọ ọ́. Bírò tó wà nílé gbẹ nígbà tí mo kọ “Ọmọ mi” tán, mo sì rò ó pé pẹ́ńsù tó ti ń fa ìlà sórí pákó láti ọdún mẹ́tàdínlógójì kò lè ṣìnà lórí bébà. Lẹ́tà tí mo kọ gbẹ̀yìn láyé mi, ìyá rẹ ni mo kọ ọ́ sí, nígbà tí mò ń wá ojúure rẹ̀. Ó dá a padà fún mi. Ó fi bírò pupa sàmì sí ibi mẹ́fà tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá pé òun gbà. Bó o bá rí àṣìṣe nínú èyí, ìwọ náà lè sàmì sí i, mi ò ní bínú.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ, fóònù ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Lọ́jọ́ Ajé mo pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, mo bi í léèrè rẹ, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó báyìí, kí n tún pè tó bá yá. Ohùn rẹ̀ tutù, ó gbẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ ẹni tí mo jẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà ni. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ ni mí, kó jọ̀wọ́ bá mi sọ fún ọ pé adìyẹ dúdú ti pamọ. Ní Ọjọ́rú mo tún bá a, mi ò tilẹ̀ béèrè rẹ mọ́, mo kàn ní ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Mo rò pé ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ọmọ gidi, bá mi kí i, torí láti oṣù mẹ́jọ tí ìyá rẹ ti lọ, òun ni ohùn obìnrin tó ń dá mi lóhùn jù nínú ilé yìí.

Nígbà tí ìwọ fúnra rẹ bá sì gbé e, o mọ bó ṣe máa ń rí. Wàá ní ẹ káàárọ̀, Bàbá. Màá ní káàárọ̀ o. Wàá ní ṣé mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹun. Màá ní ìwọ náà ńkọ́, wàá ní o ti jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn a ó wá máa gbọ́ èémí ara wa bí ẹni méjì tó jọ gbé pákó gígùn tí wọn ò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́, títí fóònù á fi já. Ìyá rẹ ló ń ṣe é fún wa. Ìwọ á sọ fún un pé ọrùn ń dùn ọ́, òun á yíjú sí mi, á ní ọrùn ń dun Bíńtín, èmi á ní ta ló ní kó máa tẹ orí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ, òun á sì sọ fún ọ pé bàbá rẹ ní kó o sinmi. Mi ò sọ pé kó o sinmi rí. Télọ̀ ni ìyá rẹ, kò lè rí ohun tó já létí kó má ṣẹ́ ẹ po, ọ̀rọ̀ mi náà ló ń ṣẹ́ létí po kó tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Báyìí mo ń sọ ọ́ bó ṣe já.

Mo lọ sí káńsù lọ́sẹ̀ tó kọjá láti gba ìwé tó ń sọ pé ìyá rẹ ti kú. Mo rò pé wọ́n á ti mọ̀. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì bá mi ka fọ́ọ̀mù torí ojú mi, ó ní kí ni ìbáṣepọ̀ mi pẹ̀lú olóògbé. Mo ní ó dán mọ́rán. Mo ní a ò jà rí àfi lórí fèrèsé, òun á fẹ́ kó wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ wọlé, èmi á fẹ́ kó wà ní títì kí eruku pákó má wọlé. Akọ̀wé ní rárá o, Bàbá, ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí mo jẹ́ sí i. Mo ní èmi ni mo máa ń ti fèrèsé. Ó kọ “ọkọ” síbẹ̀, ó wá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Fèrèsé náà wà ní ṣíṣí báyìí láti àárọ̀ di alẹ́. Eruku ti bo gbogbo nǹkan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ló mú mi kọ̀wé. O rántí bébà ńlá tó o gbé wálé lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n ya òkè ṣóńṣó-ṣóńṣó sí? Ìyá rẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi han gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ. Nígbà tí mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀, ó ní o ti ṣàlàyé fún òun pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ẹ máa ń mú, ẹ ó yà á sọ́tọ̀, ẹ ó da kẹ́míkà sí i lára, ẹ ó wá máa wo ohun tó máa tú jáde. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú píìnì lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì béèrè sí i.

Bíńtín, sẹ́ẹ̀lì tí mo mọ̀ ni ti àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì tó wà nínú èyí tó wà lọ́dọ̀ wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Sájẹ́ǹtì lọ, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó fa irùngbọ̀n, ó ronú. Ó ní ẹni tí wọ́n bá dá nìkan jù sí sẹ́ẹ̀lì, ọ̀daràn paraku ni. Ó ní kẹ́míkà tí ẹ̀ ń dà sí i yẹn, tajútajú ni, òun náà ti yìn ín rí, afẹ́fẹ́ yí padà, òun ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ sunkún. Ó ní ohun tí ẹ̀ ń dúró kó tú jáde, ìjẹ́wọ́ ni. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo bí ọmọ tó láyà.

Ìwọ tó jẹ́ pé orí ìgbálẹ̀ lo máa ń gbé aláǹgbá lé kó o tó gbé e síta, kó má baà farapa, ìwọ ni wọ́n ń ní kó o máa fi tajútajú bá ẹni tó dá wà nínú yàrá sọ̀rọ̀! Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé ẹni tó ti dá wà, kí wọ́n má tún da nǹkan sí i lára.

Nígbà tí a sin ìyá rẹ, tó o ní o gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ kẹta torí bí o kò bá bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ wọ́n á kú, Sájẹ́ǹtì ní irọ́ ni, ìjọba ló ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Mo bá a jà lórí ìyẹn. Mo ní ọmọ mi kì í purọ́. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́, ó dùn mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọkọ̀ tó gbé ọ lọ, mò ń sọ nínú ara mi pé èmi náà ò tí ì jẹun.

O kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Èmi náà ò sunkún. O wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ lọ, o mú òòfà mi, o ń fi ṣa píìnì rẹ̀ nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹyọ kan. Èmi wà lẹ́yìn ilé, mò ń gbá ìṣó tí kò yọ síta wọlé. Àwọn èèyàn ní àwa méjèèjì jọra, pé ọkàn wa yigbì. Mo gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ náà gbọ́.

Wàyí o, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, àbúrò ìyá rẹ dé, èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kó tó jókòó ló ti ní òrùlé ń jò, mo ti rù, adìyẹ ń yàgbẹ́ sí fàráńdà, kí n wá ṣí àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n òun ká lè pín in kí kòkòrò tó pín in fún wa. O mọ àpótí yẹn. Èmi ni mo kàn án fún un kó tó lóyún rẹ, mo sì kàn án débi pé èèrà kò lè rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo gbé ọmọrí sókè, òórùn káńfọ̀ bá tú jáde, ó lù mí lójú.

Káńfọ̀, Bíńtín, àwọn hóró funfun roboto tó máa ń jù sáàárín aṣọ. Òórùn tó máa ń wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọ aṣọ tó dáa. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà nínú òkùnkùn àpótí yẹn, tó ń dúró. Kì í ṣe pé mo rántí nǹkan kan o, mi ò tí ì ráyè rántí. Imú mi gbọ́ ọ kí orí mi tó gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nǹkan kan bá ń jáde lára mi tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Àbúrò ìyá rẹ dákẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó wá sáré lọ pe Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì yìí ló wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju tìrẹ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé, ó sì mọ èèyàn. Ó fi rọ́bà dì mí lápá, ó fẹ́ ẹ, ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní káńfọ̀ ni. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ni kẹ́míkà tí ọmọ mi ń dà sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lára. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n wo, Bàbá? Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi bébà rẹ hàn án. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá jókòó sídìí máṣíìnì ìyá rẹ, ibi tí ẹnì kankan ò tí ì jókòó sí, ó ṣàlàyé fún mi.

Ó ní sẹ́ẹ̀lì tìrẹ kì í ṣe yàrá. Ó ní òun ni wọ́n fi kọ́ ara èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó ní èyí tó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́ nínú wọn ní àwọn àpò tíntìntín nínú, ohun tó sì wà nínú àpò náà ni iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí aládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá fi omi oníyọ̀ kan kàn án lára, irú iyọ̀ tí kì í ṣe ti ọbẹ̀, àpò á sún mọ́ etí, á la ẹnu, á tú iṣẹ́ náà síta. Ó ní ìwọ á mú ẹyọ kan, wàá yà á sọ́tọ̀ nínú àwo, wàá fi omi náà kàn án, wàá sì gbé wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gba ohun tó bá tú. Gbogbo òkè ṣóńṣó tó wà lórí bébà, òkè kan, àpò kan. Kẹ́míkà kan wà tó ń mú kí àpò púpọ̀ ṣí, òmíràn ń mú kí ẹnu wọn ṣí pẹ́, òmíràn sì ń dí wọn lẹ́nu. Ó wá fi ìka tọ́ ibì kan tó o kọ nǹkan sí, ó ní ibí yìí lo ti sọ pé lọ́pọ̀ ìgbà àpò náà kì í tú tán. Á la ẹnu díẹ̀, á yọ díẹ̀ jáde, á padé, èyí tó pọ̀ á ṣẹ́ kù sínú.

Mo ní Nọ́ọ̀sì, ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ mi fún ọmọ yìí? Bí mo ṣe ń ṣe lórí fóònù gan-an nìyẹn. Mo ti jẹun, mo padé.

Ohun kan ló kù tí kò yé mi. Mo bi Nọ́ọ̀sì pé èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn, ta ló ń ránṣẹ́ sí? Ó ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, wáyà ló ń gbà á. Mo ní ṣé wáyà máa ń dáhùn? Ó ní rárá, ó kàn ń kà á ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó dà bí èmi àti obìnrin tó ń gbé fóònù rẹ. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, bí ọ̀gá rẹ kò bá ní bínú, fi ìkejì sí i nínú àwo. Kò pọn dandan kí wọ́n jọra, èmi àti ìyá rẹ ò jọra. Bí àyè bá há, kọ ìwọ̀n àwo náà ránṣẹ́, màá bá ọ kan èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá sì dí i létí kí omi má jò. Ìdí tó o fi sáré padà lọ́jọ́ kẹta ti yé mi. Mi ò bínú mọ́. Ohun tó bá ń dá gbé, ó yẹ kéèyàn máa bọ́ ọ lásìkò. Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Sájẹ́ǹtì, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ kó aṣọ lọ, ó ku aláwọ̀ búlúù tí mo jókòó lé kó má baà rí i. Wàá rí hóró káńfọ̀ kan pẹ̀lú ìwé yìí. Mo gé díẹ̀ létí aṣọ búlúù náà, mo fi wé e, mo sì so ó sínú ọ̀rá mẹ́ta. Bí ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ bá béèrè, màá ní kẹ́míkà ni, pé iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Má ṣí i níbi iṣẹ́ o, kí òórùn rẹ̀ má lọ kan àwọn sẹ́ẹ̀lì oníṣẹ́, kí wọ́n tú gbogbo ohun tó wà nínú wọn dànù lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní bàbá rẹ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣí i nílé. Ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ṣí fèrèsé, ìyá rẹ á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá ṣe ọ́, kò burú, fi sáàárín aṣọ rẹ, yóò lé kòkòrò. Bó bá sì ṣe ọ́ bó ṣe ṣe mí, pè mí. Má béèrè bóyá mo ti jẹun. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́, kó o máa gbọ́ mi, kí n máa gbọ́ ọ, ẹni tí àpò tirẹ̀ bá kọ́kọ́ là nínú àwa méjèèjì, kó sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, torí lẹ́tà tó wá láti ilé tí kò béèrè owó, wọ́n á ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́. Kì í ṣe tèmi, èmi ò lọ síbì kankan. Owó ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ wá sílé ni, jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí ara rẹ. Wá ẹni tó máa bá ọ bọ́ àwọn tinú àwo fún ọjọ́ mẹ́rin. Bóyá obìnrin tó ń gbé fóònù rẹ, ó jọ ẹni tí kì í kúrò nídìí iṣẹ́. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó wọn dání máa bọ̀. Yàrá pọ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ rẹ kò ní há sí ọ lọ́fun. Iṣẹ́ tó o bá fi ìfẹ́ rán yóò rí ẹni gbà á, ẹni tó bá gbà á yóò dá ọ lóhùn. Bí ìyá rẹ ṣe ṣẹ́ etí aṣọ gbogbo ayé po, Ọlọ́run á ṣẹ́ etí ayé tìrẹ po, kò ní tú.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, tó máa ń ní kó bá òun kí ọ.

Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ bébà yìí. Bó o bá fi bírò pupa sàmì sí àwọn àṣìṣe mi tán, tó o fẹ́ dá a padà, ibẹ̀ ni ìyá rẹ kọ tirẹ̀ sí.